Parasitámọ̀ Orúnkún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà
Mo ṣubú. Wáyà áyọ̀ọ̀nù ló kọ́ mi lẹ́sẹ̀ nídìí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ìdí ni mo fi jókòó, ikùn ò kanlẹ̀ — ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì. Oyún oṣù méje! Agbábọ́ọ̀lù inú mi gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń bínú. Ọkọ mi ní kí n lo oògùn. Mo ní ó tì. Láti ìgbà tí oyún ọdún tó kọjá ti wálẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Ìrora. Mi ò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá — ìyá ọkọ mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé — ní ta ló ní kí n máa jẹ̀rora, parasitámọ̀ ò ṣe aboyún ní nǹkan. Òótọ́ ni. Wọ́n mú méjì jáde nínú agolo bọ́tìnnì tí wọ́n ń kó oògùn wọn sí. Ara tù mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Mo pe Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú oyún mi. Ṣé mo rí ẹ̀jẹ̀? Ṣé inú ń run mí? Ṣé mo lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀? Kí ni mo lò? Parasitámọ̀. Ó ní ó dáa, kí n má kọjá iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí n fi aṣọ wé yìnyín lé e, kí n gbẹ́sẹ̀ lé ìrọ̀rí. Mo lo méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Àlùmọ́gàjí mi ò gé aṣọ mọ́, ó kàn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni. Ta ló fi gé nǹkan míì? Màmá! Mo ká wọn mọ́ ọn: wọ́n ń fi gé ike oògùn wọn sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó lè wọ inú agolo. Mo ti lanu láti pariwo. Ni mo rí lẹ́tà lẹ́yìn ike náà: FEN. Wọ́n ti gé ìyókù dànù.

Kò sí FEN nínú parasitámọ̀.

Mo bi wọ́n kí ni. Wọ́n ní, "Parasitámọ̀ ni. Ti orúnkún."

Nínú ilé yìí, gbogbo oògùn ara ríro ni parasitámọ̀: ti orí, ti eyín, ti orúnkún. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀! Mo rí páálí rẹ̀ nínú ìdọ̀tí: íbúprófẹ́nì. Ìwé inú rẹ̀ ní kí aboyún tó ti tó oṣù márùn-ún má lò ó láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Mo pe Nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n má fẹnu kàn án mọ́, kí n wá ní kùtù ọ̀la. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn. Agbábọ́ọ̀lù gbá mi. Ó pẹ́ kó tó gbá mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, omi inú ilé ọmọ pé. Mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Nọ́ọ̀sì ò bá mi wí. Ó ní òun ì bá ti ní kí n ka lẹ́tà ẹ̀yìn ike oògùn náà fún òun. Parasitámọ̀ gidi ló fún mi.

Màmá bá mi lọ, ṣùgbọ́n wọn ò wọlé, ìta ni wọ́n jókòó sí. Lójú ọ̀nà ilé ni wọ́n tó béèrè, ohùn wọn kéré: "Lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀yìn ń dùn ẹ́. Kí ni mo fún ẹ?"

Parasitámọ̀ ni wọ́n fún mi. Mo ní mi ò rántí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Màmá ò jẹun.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá
Mo pe Nọ́ọ̀sì, mo sọ òótọ́ fún un: lọ́dún tó kọjá, Màmá fún mi ní ẹyọ méjì nínú "parasitámọ̀" wọn, kí oyún oṣù méjì náà tó wálẹ̀. Ó ní oyún oṣù méjì tó bá wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ti dúró dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè nàka sí oògùn ẹyọ méjì. Mo gbé fóònù sí Màmá létí kó tún un sọ. Wọ́n ní ó ṣeun. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún wọn, mo jókòó síta ilẹ̀kùn, èmi náà ń sunkún. Ọmọ kan náà là ń sunkún rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Wíwú ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. Mo rán àpò oògùn kékeré méjì: pupa fún Màmá, mo fi òwú ya orúnkún sí i, funfun ni tèmi. Orúnkún náà jọ ọ̀dùnkún. Màmá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti Ẹtì. Wọ́n ti gbé àlùmọ́gàjí lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn.

Nírọ̀lẹ́ ẹsẹ̀ tún ro mí díẹ̀. Màmá gbé omi àti àpò funfun wá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé oògùn lé mi lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ẹ̀yìn ike náà. Mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.