Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Rùfáì

Ìjàgbà,
Oṣù Kejì, 1957.

Christopher ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ṣé omi Èkó ń bá ọ lára mu? Àwa wà láàyè níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń ṣọ́ Ìjàgbà nínú òkùnkùn bó ṣe ń ṣọ́ Èkó tí iná kì í kú níbẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun kí o tó sùn. Iṣu ta lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú wa ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń bá mi wọ ilé ìdáná bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, bí ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì kátíkíìsìmù ṣe mọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣubú lójú ọ̀nà, bá mi gbé e dìde.

Àbúrò rẹ Ọmọ́yẹlé ti bímọ. Ọkùnrin ni. Má tíì fò sókè, jókòó kí o gbọ́ bí a ṣe rí ọmọ náà gbà, nítorí ojú mi rí ohun tí ìyá tó bí mi kò rí.

Ìdájí Sátidé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Oòrùn là, ọmọ kò wá. Ìyá agbẹ̀bí jáde sí mi, ó ní ọmọ náà dábùú, apá òun kò ká a, kí n yára wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ọlọ́run ṣe é, Rùfáì wà lábúlé. Rùfáì ni dírẹ́bà tó ń fi lọ́rì tirẹ̀ kó kòkó wa, ọmọ Mùsùlùmí ni, ará Ọ̀wọ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ òun lẹ́ẹ̀mejì. Láníyì ọkọ Ọmọ́yẹlé gun ẹ̀yìn, ó jókòó lórí àpò kòkó, èmi àti Ọmọ́yẹlé sì wà níwájú lọ́dọ̀ Rùfáì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti gíláàsì náà fún ọ kí n tó lọ síwájú. Tuntun ni. Òkúta ló fọ́ ti àkọ́kọ́ lọ́nà Ìpele, nítorí wọ́n ti da yangí sójú ọ̀nà, bí táyà bá tẹ̀ ẹ́, fífò ló ń fò bí gúgúrú. Ìbàdàn ni tuntun yìí ti wá, wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ ìkókó. Rùfáì a máa nù ún kó tó kírun, a tún máa nù ún lẹ́yìn ìrun.

Èmi kò mọ̀ pé nǹkankan wà níbẹ̀. Mo rí igi, mo rí ọ̀nà, mo rí adìẹ tó ń sá, mo ṣe bí ihò ni wọ́n fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí dírẹ́bà. Obì wà lẹ́nu mi nítorí ẹ̀rù, mo sì tu èyí tí mo jẹ kù síta. Kò dé ìta! Ó lẹ̀ mọ́ ojú ayé níwájú mi, ó ń ṣàn wálẹ̀. Mo pariwo Màríà Mímọ́. Rùfáì kò bú mi, ó kàn fi etí bùbá rẹ̀ nù ún, ó ní, "Ìyá, gíláàsì ni." Christopher, nǹkan wà tí ojú kò rí. Mo ní bóyá báyìí ni àwọn áńgẹ́lì ṣe wà láàárín wa.

Kò pẹ́, agbégilódò kan ń bọ̀ níwájú, ó ń rọ́ eruku bọ̀. Mo rí i tí Rùfáì fi ọwọ́ kan tukọ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì pẹrẹsẹ sí àyà gíláàsì. Mo rò pé ó ń kí dírẹ́bà kejì ni, èmi náà bá a juwọ́. Òkúta ń ró pàrà pàrà lára ọkọ̀. Nígbà tó kọjá tán, mo ní ṣé ẹbí rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbígbọ̀n ló ń pa gíláàsì, bí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé e kò ní gbọ̀n, òkúta yóò sì ta dànù. Mo wo Ọmọ́yẹlé tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ kan lé ikùn rẹ̀, mo gbé ìkejì lé gíláàsì, n kò sì gbé wọn kúrò mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la bá lọ́rì kan níwájú wa tó kó pákó, ó ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ru omi, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ju yangí sí wa. Rùfáì fà sẹ́yìn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo gíláàsì nìyẹn, kí èèyàn jìnnà kí òkúta lè balẹ̀. Ó fọn fèrè ọkọ̀ títí, ẹni iwájú kò gbọ́. Ọmọ́yẹlé kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Mo ní, "Rùfáì, ọmọ mi ti dákẹ́ o." Ó wo Ọmọ́yẹlé, ó wo gíláàsì bí ẹni tó ń dágbére fún ẹbí, ó ní, "Bìsìmílà," a sì kó wọ inú eruku.

Òkúta kan ró. Kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Gbogbo ayé di funfun lójijì, bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún aláǹtakùn bá tàkùn sójú ẹni kó tó ṣẹ́jú. N kò rí igi, n kò rí ọ̀nà, mo rò pé mo ti kú ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá Pétérù Mímọ́. Rùfáì ṣí fìlà, ó fi wé ọwọ́, ó lu ihò sáàárín funfun náà, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ọ̀nà láti inú ihò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ onípákó kọjá. Gíláàsì ń dà sórí wa bí iyọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò gé ẹnikẹ́ni. Mo gbọ̀n ọ́n kúrò nínú gèlè Ọmọ́yẹlé, wóró wóró bí àgbàdo, etí wọn kò mú. Ta ló kọ́ gíláàsì pé kó fọ́ láìbínú?

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní bí a bá tún pẹ́ díẹ̀ ni, ìyá àti ọmọ ni à bá pàdánù. Dókítà fi ọ̀bẹ ṣí inú Ọmọ́yẹlé, ó gbé ọmọ jáde, ó sì fi abẹ́rẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà pa bí ẹni ń rán aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́yẹlé ti ń jẹ iyán báyìí, ó tún ti ń bá Láníyì jà.

Nígbà tí mo jáde sọ fún Rùfáì, ó ń fi ọwọ́ gbá wóró gíláàsì kúrò nínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó yára fà mí dìde, ó ní ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ó ní, "Ìyá, gíláàsì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n ti ń ta Ọmọ́yẹlé?" Ó wá kọjú sí ògiri, èmi náà ṣe bí ẹni tí kò rí omi ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń wakọ̀ láìsí gíláàsì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, eruku ló ń jẹ ṣáájú oúnjẹ. Bàbá rẹ ti gbé àwọ̀n irin tí mo fi ń yan ẹran fún un, pé kó so ó síwájú gíláàsì tuntun bó bá dé, kí òkúta lè bá irin jà ná. Orí igi ni mo ń yan ẹran báyìí, ẹran àti igi jọ ń jóná, kò burú.

Nítorí náà, bá wa wá gíláàsì iwájú lọ́rì ní Èkó. Okùn tó wà nínú lẹ́tà yìí ni ìwọ̀n rẹ̀, láti etí rẹ̀ dé kókó kìíní ni gígùn, láti ibẹ̀ dé kókó kejì ni ìbú. Má jẹ́ kí omi kàn án, kó má bàa súnkì kí gíláàsì kéré. Má sì fi ránṣẹ́ nínú tẹlifóònù ọ́fíìsì yín o. Mo gbọ́ pé ohùn èèyàn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n mo ti wo wáyà náà ní Ọ̀wọ̀, ó tín-ín-rín jù, gíláàsì yóò há. Fi sọ́kọ̀. Bí owó rẹ kò bá ká a, fi èyí tó bá wà ránṣẹ́, bàbá rẹ yóò fi ti kòkó kún un. Bàtà tí o ní o máa rà fún mi de Ọdún Àjíǹde, fi owó rẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi àti ilẹ̀ ti mọwọ́ ara wọn, ojú Rùfáì ni kò tíì mọ ti atẹ́gùn.

Ọmọ mi, ní ìlú àjèjì tí o wà yẹn, lọ́jọ́ tí mi ò ní sí nítòsí, ẹni tí kò bí ọ yóò ṣe ọ́ bí ọmọ, yóò fi ohun tó ń nù láàárọ̀ lálẹ́ gba ẹ̀mí rẹ là, kò sì ní kà á sí ọ lọ́rùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéfúnkẹ́.