Fìlà Tí Mo Fẹ́ Fi Dógò

Sátidé. Mo ti padà sí Hamburg.

Epo mọ́tò ọgbọ̀n Yúrò péré ni mo rà láàárọ̀. Ẹ̀rọ ilé epo tí ò mojú ẹnikẹ́ni so ọgọ́rùn-ún Yúrò mọ́lẹ̀ nínú káàdì mi bí ìdógò, ó ní òun á tú u sílẹ̀ tó bá yá.

Ni káàdì bá kọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bísí ní Berlin. Iṣu sì ti wà nínú báàgì.

Mo rántí bàbá mi. Tówó epo ò bá pé l'Abẹ́òkúta, fìlà ni wọ́n máa ń fi dógò. Tí wọ́n bá wọlé láìdé fìlà, màámi á bú sẹ́rìn-ín.

Mo ṣí tèmi, mo gbé e sórí káńtà. “Ẹ gbà á dógò, mà.”

Ìyá Bísí dé e padà sí mi lórí. “Máa gbé iṣu ẹ lọ. Òtútù wà níta.”

Mo ti délé tipẹ́. Mi ò tíì ṣí fìlà náà.