Àna Mi Dojú Sókè Lábẹ́ Ọkọ̀

Abà Lèmọ́mù,
Lọ́nà Ogbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé.

Uswat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọmọ inú rẹ ń jẹ́ kí o sùn, ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó wú yẹn ti ń lọ sílẹ̀? Ọlọ́hun tó fún ọ lóyún á bá ọ sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, wẹ́rẹ́ la ó gbóhùn ìyá, wẹ́rẹ́ la ó gbóhùn ọmọ. Èmi àti ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ funfun ti bí méjì, ìjì sì ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná. O rí i pé mo kí ọ, mo kí ọmọ inú rẹ, mi ò kí ọkọ rẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè, orúkọ mi ló máa hàn níbẹ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ pè, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́, Abdulwasiu ọkọ rẹ á máa fi han àwọn ènìyàn pé àna òun ló wá bẹ òun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o máa ń tẹ ohun tó ń jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn mi, o sì máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní lè bínú dé ibi tí mo fẹ́ bínú dé. Nùréènì tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá ni mo fi ìwé yìí rán, pẹ̀lú gààrí àti iṣu. Ka ìwé náà tán kí o tó gbé iṣu kaná.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn náà ni. Mo wá sí Agége láti wá wo ọmọ mi tó lóyún, mo wọ aṣọ ọdún mi àti bàtà aláwọ mi, mo dé fìlà, mo wọ ọgbà yín, kí ni mo kọ́kọ́ rí? Àtẹ́lẹsẹ̀ àna mi. Ó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó dojú sókè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí mi, ó ní ẹ káàbọ̀ bàbá, kò sì jáde. Èmi Làsísì. Ọkùnrin tó fẹ́ ọmọ mi, ikùn ló yẹ kó fi lélẹ̀ tó bá rí mi, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Mo dúró kó jáde wá dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, họ́ọ̀sì kan ni òun dì mú, tí òun bá fi sílẹ̀, ọ́ìlì búréèkì á dà nù.

O wá jáde síta, o ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ náà ti dàgbà, pé àwọn họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí búréèkì ti gbó, wọ́n ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ wọn kí ọkọ̀ lè gbé ọ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ọmọ bá ní òun ń bọ̀. Ìyẹn dáa. Mo bi ọ́ pé mẹkáníìkì dà. O ní èyí tí ẹ gbé e fún lẹ́ẹ̀kan, ògbólógbòó họ́ọ̀sì ló fi ọṣẹ fọ̀ tó pè ní tuntun, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ fi ń fúnra rẹ̀ ṣe é lọ́jọ́ tí kò lọ sí ilé iṣẹ́ wọn ní Oregun. Mo bi ọ́ pé ta ló wá kọ́ ọkọ rẹ níṣẹ́ náà. O nawọ́ sí fóònù tó fi ti táyà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú fóònù, òyìnbó kan ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Mo ní ó kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo tún kí i. Abdulwasiu na ìka láti abẹ́ ọkọ̀, ó tẹ fóònù, òyìnbó bá dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ kò lè pa á dé, mo sì rò pé nǹkan ti ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì ò bìkítà. Nígbà tó yá, obìnrin kan já wọ inú fóònù kan náà pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀, ó ń jó nítorí èròjà ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe níbi iṣẹ́ búréèkì. O wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà fún mi pé ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n bá òun tẹ agogo tó wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń tọrọ ni ẹ gbé ẹ̀mí ọmọ mi lé lọ́wọ́? Mo bi ọ́ pé ilé rẹ̀ dà, torí tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dúró, ilé ta la máa lọ, o sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ìyẹn ni mo gbé mì. Ọkọ rẹ wá ní ikùn rẹ ò jẹ́ kí o lè wọ ìdí ọkọ̀ mọ́, kí n jọ̀ọ́ kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa bá òun tẹ búréèkì kí atẹ́gùn lè jáde nínú họ́ọ̀sì tuntun, tí òun bá ní kí n dì í mú, kí n má gbẹ́sẹ̀ àfi tí òun bá ní ó yá. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe jókòó. Ló bá ń pàṣẹ fún mi. Ó ń lọgun láti ìsàlẹ̀ pé kí n tẹ̀ ẹ́, kí n dì í mú, ó yá, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ, òun ló wà nílẹ̀ tí èmi ń sọ ìgbà tó máa dìde, lọ́jọ́ Sátidé òun náà ló wà nílẹ̀, òun ló tún ń sọ ìgbà tí màá gbé ẹsẹ̀ ara mi.

Àárín ìyẹn ni Ìyá Divine, aládùúgbò yín, ń kọjá. Ó wò mí lókè, ó wo ẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó ní bàbá mẹkáníìkì ẹ kú iṣẹ́, tí ẹ bá parí tibí, kí ẹ wá wo ti ọkọ òun. Mẹkáníìkì, pẹ̀lú fìlà mi lórí. Mo bọ́ sílẹ̀ láti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ẹsẹ̀ mi sì bọ́ sínú abọ́ ọ́ìlì tí ọkọ rẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Dípò kó kẹ́dùn bàtà mi, ó jágbe mọ́ mi láti ìsàlẹ̀ pé ta ló ní kí n gbẹ́sẹ̀. Ó jágbe mọ́ àna rẹ̀ lójú aládùúgbò. Mo gbé àpò mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, o pè mí títí, mi ò wẹ̀yìn.

Mo délé, mo rò fún ìyá rẹ, dípò kó bá mi bínú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo bá gba ọ̀dọ̀ Dàwódù tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní oríta wa lọ, mo mọ̀ pé òun á gbè mí. Dàwódù gbọ́ ọ tán, kò gbè mí. Ó bi mí bóyá àna mi ti táìtì nọ́ọ̀tì kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde padà kí n tó gbẹ́sẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní tí kò bá tíì táìtì rẹ̀, atẹ́gùn ti wọlé nìyẹn, họ́ọ̀sì á jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ènìyàn bá tẹ búréèkì kí ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ á máa lọ. Mo ń rí ọ nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìrọbí, láàárín gbogbo èrò Agége yẹn, tí ọkọ rẹ ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Inú ṣì ń bí mi o, má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó má gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Tí ọmọ bá yára, ẹ gba takisí. Dàwódù ní tí ẹ bá tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn á jáde, ẹnikẹ́ni ló sì lè jókòó tẹ̀ ẹ́, mo ní irọ́ ni, ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn sí ìjókòó mi, tí mo bá gbọ́ pé Ìyá Divine ló bá yín tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò ní tán láéláé. Èmi ni mo gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, èmi náà ni màá gbé e padà. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì.

Fi owó bàtà ránṣẹ́ sí mi, èyí tó bọ́ sínú ọ́ìlì ti bó. Fi owó ọkọ̀ kún un, àti ti páànù tí ìjì ṣí. Má fi sí báǹkì, torí wọ́n ń yọ nínú owó mi láti fi sọ fún mi pé wọ́n ti yọ nínú owó mi. Fún Nùréènì kó mú un wá, òun kì í yọ nínú owó ẹni.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ọmọ inú rẹ, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ọ̀nà ò dáa. Á ṣọ́ ọkọ rẹ náà. Tí mo bá dé, kó kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ fún mi nínú ọgbà, kí Ìyá Divine máa wò ó, kó pẹ́ níbẹ̀ títí màá fi ní ó yá. Lẹ́yìn náà kó dojú sókè, kó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kó máa pàṣẹ bó ṣe wù ú. Títí òun náà yóò fi ní ó yá, mi ò ní gbẹ́sẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú ń bí,
Làsísì.