Ife Tí Mi Ò Kán Nǹkan Sí

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Lánàá, mo kó kòkòrò odò kéékèèké sínú ife méjì ní ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lè rí ohun tí oògùn apakoríko ń ṣe. Mo kán apakoríko sínú ọ̀kan. Omi mímu tí mo gbé láti ilé nìkan ló wà nínú èkejì.

Lónìí, kòkòrò inú ife méjèèjì ti kú.

Mo délé, mo bi ìyá ọkọ mi pé kí ni wọ́n fi pọn omi wa.

“Ìyàwó, kẹ́ẹ̀gì apakoríko tí bàbá lò tán lóko ni. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò rùn mọ́.”

Mi ò lè bínú sí wọn. Ta ni kì í fi irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ pọn omi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí níbí?

Omi yẹn ni mo fi po ògì fún Dàmi ọmọ mi láàárọ̀. Ó mu ún tán, ó tún ní kí n bu sí i.