Ahọ́n Mẹ́fà Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

A ká tapólì kúrò lórí Ìyá Àgbà lónìí. Ọkọ̀ ìgbòkun wa nìyẹn. Ó dàgbà jù mí lọ, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi wà lórí igi tí wọ́n fi gbé e dúró nínú ọgbà ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ omi ṣe, láti ọjọ́ tí òpó ìgbòkun rẹ̀ wó lu Bàbá mi lójú omi. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bàbá mi ti pàṣẹ: Bàbá Kékeré ló bà á jẹ́, òun ni yóò tún un ṣe. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá padà wọ omi, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé wa. Àbúrò Bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń bá wa gbé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó dé. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn, bí ẹni ń gbé àwo.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀: láàárọ̀ ọjọ́ tí òpó wó, Bàbá Kékeré fi sípánà fún àwọn wáyà tó dì í mú. Bàbá mi ní ó fún wọn jù. "Ọwọ́ líle ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀." Bàbá Kékeré ò jiyàn rí.

Èmi ni mo ń ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kí n kọ bí nǹkan ṣe rí, kí n má baà gbàgbé. Wáyà kọ̀ọ̀kan ti orí òpó sọ̀kalẹ̀, ó parí sára irin pẹlẹbẹ kan tó yọ sókè láti inú dẹ́ẹ̀kì — ìyẹn pátákó òkè ọkọ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀. Ahọ́n là ń pe irin yẹn nílé wa. Mẹ́fà ni wọ́n. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ahọ́n gba inú dẹ́ẹ̀kì kọjá, bóòtù wá dì í mọ́ ògiri nísàlẹ̀, nínú yàrá ọkọ̀. Ibi tó gbà kọjá yẹn gan-an ni omi ń gbà jò. Gọ́ọ̀mù funfun la fi ń dí i. Ọdọọdún. Gọ́ọ̀mù lórí gọ́ọ̀mù.

A yọ ahọ́n ọ̀tún kan. Bàbá Kékeré ń fi ọ̀bẹ bó gọ́ọ̀mù bí ẹni ń bó ọsàn. Ìpele mẹ́rin. Ó ní, "Akọ̀wé, wò ó, aṣọ mẹ́rin ni Ìyá Àgbà wọ̀ léra, òtútù ṣì ń mú un." Akọ̀wé ló ń pè mí nítorí ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Káfíńtà wá. Ó tẹ dẹ́ẹ̀kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ahọ́n, ìka rẹ̀ wọlé. Ó ní igi yìí kì í ṣe igi mọ́, búrẹ́dì inú tíì ni, ká wá ṣíbí. Ó gé ibi tó jẹrà kúrò, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ó sì fi igi tuntun dí i.

Bí a ó ṣe máa ṣe é láti ìsinsìnyí lọ: ká gbẹ́ ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ká da oje líle sí i, oje tó máa ń di òkúta. Ká dúró dọjọ́ kejì. Ká tún wá lu ihò tuntun sáàárín oje yẹn. Bí omi bá wọlé lọ́jọ́ iwájú, oje ni yóò bá, kò ní bá igi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìdí.

Bóòtù kan já mọ́ Bàbá Kékeré lọ́wọ́. Ó fi ojú ibi tó ti já hàn mí. Ó ní ibi tó pupa, ó ti já tipẹ́, omi ti ń jẹ ẹ́. Ibi tó ń dán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já lónìí. Wọ́n ní irú irin yìí kì í dípẹtà. Ó ní irọ́ ni. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí èèyàn bá fi gọ́ọ̀mù bò ó, tí omi wá há síbẹ̀, á máa jẹrà níkọ̀kọ̀, ojú ẹ̀ lókè á ṣì máa dán bíi ti ìyàwó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. A ò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé wa wà lórí òkè díẹ̀, lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀. Láti fèrèsé yàrá Bàbá mi, èèyàn lè rí Ìyá Àgbà. Ó ti ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì òun padà kí òun má baà máa rí i.

Ògiri kan ló wà láàárín yàrá òun àti ti Bàbá Kékeré. Bí Bàbá Kékeré bá wúkọ́, Bàbá mi á dá oúnjẹ ẹnu rẹ̀ dúró. Á gbọ́ ọ tán. Á tún máa jẹ lọ. Màmá mi ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu òun ti bó. Ó ní, "Ọmọ ìyá méjì, tí wọ́n jọ mu ọmú kan. Ẹ wo nǹkan."

Bàbá mi bi mí pé ó ku ọjọ́ mélòó. Mo ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí n sọ fún Bàbá Kékeré pé kí ó má fi falẹ̀. Mo lọ sọ fún un. Ó ní kí n sọ fún un pé òun ò ní fi falẹ̀. Mo lọ sọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Bàbá Kékeré lọ gba àwọn ahọ́n tuntun lọ́wọ́ wẹ́dà. Ahọ́n òsì ti àárín ló kù lára àwọn ògbólógbòó, èyí tó já lọ́jọ́ yẹn. Ojú dẹ́ẹ̀kì ló ti já, kùkùté rẹ̀ há sínú gọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ wò láti oṣù mẹ́jọ. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Gbogbo ayé ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ọwọ́ mi dilẹ̀, mo bá yọ ọ́. Bóòtù mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, òòlù onígi díẹ̀díẹ̀. Ó jáde.

Ojú ibi tó ti já: ó fẹ̀ tó ìka mi méjì. Ó pupa, ó dúdú, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tíì. Igun kan ṣoṣo ló ń dán. Kò tó èékánná ìka mi tó kéré jù.

Mo jókòó.

Ó ti já tipẹ́. Èékánná yẹn nìkan ló kù tó dì í mú. Kì í ṣe Bàbá Kékeré. Bí ẹyẹ bá bà lé wáyà yẹn lọ́jọ́ náà, á já.

Ohun kejì. Lábẹ́ ahọ́n yìí, nínú yàrá ọkọ̀, lẹ́yìn tìmùtìmù, ògiri funfun wà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ gírámà ni mo ti ń tún yàrá ọkọ̀ ṣe lọ́jọọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìlà pupa kan máa ń ṣàn lára ògiri yẹn. Ó kọ́kọ́ rí bí òwú. Nígbà tó yá, ó rí bí okùn bàtà. Mo ń fi ọṣẹ nù ún. Nígbà tí ọṣẹ ò ká a mọ́, mo fi ọtí kíkan. Ọdún méjì gbáko. Bàbá mi á wọlé, á wo ògiri, á ní ọmọ òun mọ́ tótó. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìdọ̀tí ni mo pè é.

Mo fi àkísà wé irin náà. Mo fọ ọwọ́. Mo jẹun.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, ó bi mí níbo ni kùkùté yẹn wà. Mo ní mo ti kó o mọ́ pàǹtírí. Ó ní mo káre.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo sùn dáadáa. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ahọ́n tuntun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọlé. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bàbá Kékeré wà lókè, ó ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹnu ihò. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Èèyàn ò gbọdọ̀ fún un gírígírí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí gọ́ọ̀mù má baà tú jáde tán. Ká fi sílẹ̀ kó gan díẹ̀, ká tó wá fún un dópin.

Ó fi ojú kan yọjú láti inú ihò tó kẹ́yìn kó tó dí i. "Akọ̀wé, ṣé o ṣì wà láyé nísàlẹ̀ yẹn?" Mo ní mo wà. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ń wò. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Kò wúwo. Ó kàn wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé ìṣó sáàárín ètè kó lè rí ọwọ́ lò.

Ó dí ihò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òpó ti dúró. Ọlọ́gbà, ẹni tó ni ọgbà ọkọ̀, ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbé e sípò. Ó kù ká fún wáyà.

Bàbá Kékeré gbé sípánà lé wáyà àkọ́kọ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tún gbé e. Ó tún gbọ̀n. Ó na sípánà sí mi láìwò mí. Káfíńtà rí i, ó ní, "Àgbà òṣìṣẹ́! Ọmọbìnrin ló wá ń bá yín fún wáyà?" Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí Káfíńtà lọ, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ò burú. Ó ní, "Akọ̀wé, má dá sí i. Ẹsẹ̀ èèyàn wà lọ́rùn mi."

Mo fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ń ka iye ìgbà tí mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Lọ́la ni n ó sọ fún Bàbá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gbé irin náà fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi: irin lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà tí mo ń nù, lẹ́yìn náà Bàbá Kékeré. Mi ò dé ìkẹta.

Ó yí irin náà sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi tó pupa. Kò yà á lẹ́nu. Mo rí i pé kò yà á lẹ́nu.

Ó ní òun ti rí ìlà yẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Òun fi gọ́ọ̀mù dí i lókè, òun ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun á yọ ahọ́n náà wò. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé. Nígbà tó yá, òun ò rí ìlà náà mọ́, ọkàn òun bá balẹ̀.

Torí mo ń nù ún.

Mo bi í léèrè ohun kan ṣoṣo. Mo ní, ẹ wá jẹ́ kí Bàbá Kékeré gbà pé òun ni? Ó ní lọ́jọ́ tí òun jí nílé ìwòsàn, Bàbá Kékeré ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún pé òun ni, òun ni. "Ó ti gbé e rù kí n tó lajú. Èmi kọ́ ni mo dì í rù ú."

Lẹ́yìn náà ó ní ohun tí èmi náà ti nù mọ́, kí n má fà á jáde mọ́. Kí n lọ sọ irin náà sómi. Mo ní mo gbọ́, sà. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ sómi. Mi ò bínú. Mo ń wá ìbínú náà, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, mi ò rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò gbé ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn lónìí. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Bàbá Kékeré fi rọ́ọ̀bà omi da omi sórí dẹ́ẹ̀kì fún wákàtí kan. Èmi dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú tíṣù, mo ń fi kan ìdí ahọ́n kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Mo kígbe sókè pé ó gbẹ. Mo gbọ́ tó ń jó lókè orí mi. Ọkùnrin tí wọ́n máa lé lọ ní Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyá Àgbà wọ omi láago mẹ́wàá. Ọlọ́gbà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ojú irin tó wọnú omi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Káfíńtà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n di okùn rẹ̀ mú létí èbúté.

Bàbá mi wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fi ọ̀pá méjèèjì abẹ́ abíyá sọ̀kalẹ̀ láti ilé, Màmá mi tẹ̀ lé e. Ẹrù Bàbá Kékeré ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀: báàgì méjì àti rédíò kan.

Bàbá Kékeré bọ́ fìlà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti wọ omi o. Ẹ fojú àánú wò mí."

Bàbá mi ń wo ọkọ̀. Èmi ló kọjú sí. Ó ní, "Sọ fún un pé ó ṣeun. Kí ó máa lọ."

Ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn. Gbogbo wọn dúró kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo la ẹnu. Mo ní:

Bàbá Kékeré, irin yẹn ti já kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ó ti ń já láti bí ọdún mẹ́ta. Bàbá mi mọ̀. Èmi ni mo ń nu ìpẹtà rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ kan yọ irin náà lápò, mo nà án sí i.

Ó wò ó. Kò pẹ́ tó fi kà á. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó gbójú sókè sí Bàbá mi. Bàbá mi ń wolẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ kan yọ̀ lórí pátákó tó tutù, ó fẹ́ ṣubú. Káfíńtà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọlọ́gbà ń wúkọ́.

Mo rò pé Bàbá mi ni Bàbá Kékeré máa bi. Èmi ló bi. Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi.

"Lójú Káfíńtà? Lójú Ọlọ́gbà? Ẹ̀gbọ́n mi lo dúró síta tí ò ń bọ́ láṣọ báyìí? Ṣé kò sí yàrá nílé ni?" Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ti irin náà bọ àpò. Ó lọ bá Bàbá mi, ó ki èjìká bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ níbi tí ọ̀pá ti yọ̀. Bàbá mi ní, "Rọra." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín wọn láti oṣù mẹ́jọ. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ fara tì mí, Ẹ̀gbọ́n." Wọ́n ń gun òkè lọ. Wọ́n ń sinmi lọ́nà. Màmá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé báàgì méjèèjì àti rédíò lẹ́nu géètì, ó tẹ̀ lé wọn.

Káfíńtà ní òun ní iṣẹ́ níbòmíràn.

Èmi nìkan ni mo so ọkọ̀. Iwájú, ẹ̀yìn.

Inú Ìyá Àgbà ni mo ti ń kọ èyí. Mo ń rí ilé láti ibí. Fèrèsé yàrá Bàbá Kékeré ti ṣí, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Agogo mẹ́ta ti kọjá. Wọ́n ti jẹun ọ̀sán, mo rí Màmá mi tó ń da omi àwo nù.

Ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí.