Bíréékà Tí Mo Yàn ní Rumuokwuta

Mùjídátù mi, o kú ojú lọ́nà, o kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ara mi le koko. Bí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ yìí ò bá já gaara, tíì gbígbóná ló bó mi lẹ́nu.

Mo ti parí iṣẹ́ tiransfọ́mà Rumuokwuta. Bíréékà ẹgbẹ̀rin áńpù ni mo yàn fún un, torí agbára tiransfọ́mà náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tan éésì pọ̀, bíréékà bá gé iná. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní kí n fi ńlá sí i kí iná lè pọ̀. Mo ní bíréékà kì í mú iná wá, pé bó bá tóbi jù, tiransfọ́mà máa bú gbàù. Wọ́n fọ́ mi létí, wọ́n fi ẹgbẹ̀jọ sí i fúnra wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bú. Òróró rẹ̀ jó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Wọ́n gbé páìpù irin wá bá mi: "Na your mouth burn am!" Ẹnu tí wọ́n ní ó jó o náà ni wọ́n kọ́kọ́ lù. Tíì kọ́, Mùjídátù. Apá ọ̀tún ló tẹ̀lé e. Ká ṣáà dúpẹ́, tòsì ṣì wà.

Bá mi kí Ìyá. Bí Motọ́lání ọmọ wa bá ní òun fẹ́ rí ojú mi lórí fídíò, sọ fún un pé kò síná ládùúgbò wa. Irọ́ kọ́ nìyẹn.