Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Amọ̀nà

Èmi, tí gbogbo ilé-ìwòsàn mọ̀ sí Ìyá Ààlà, àkọ́bí ìyá mi, opó dókítà tó ń ka àwòrán inú ara, olùwádìí tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹ̀dọ̀ mi ni àìsàn wà, kò sí nínú orí mi. Dókítà tó ń tọ́jú mi bi mí ní oṣù tí a wà àti orúkọ ọmọ mi, mo sì dá a lóhùn. Mo tún bá a ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan tó kọ gbòdì nínú ìwé ìtọ́jú mi. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Mo wọ́gi lé ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí mo ti fi àbúrò mi ṣe alámòójútó.

Lọ́yà wa, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, àti ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo ni mo fi ṣe alámòójútó báyìí. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ka ìwé yìí sókè létí gbogbo ẹni tó bá jókòó. Ẹ má fo ibi tó bá korò.

Èkíní. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mò ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, di ti ọmọ mi obìnrin. Kí ó tún òrùlé tó ń jò lókè àtẹ̀gùn ṣe. Bàbá rẹ̀ ti ń ṣèlérí àtúnṣe yẹn láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lẹ́yìn mi.

Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ya àwòrán inú ara ènìyàn, dúdú àti funfun àti àwọ̀ eérú ló máa ń kún inú rẹ̀. Ojú lásán kò lè sọ ibi tí ẹ̀dọ̀ parí sí, tí kókó àìsàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kọ́ kọ̀ǹpútà títí yóò fi lè fa ìlà yí kókó náà ká fúnra rẹ̀, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tí a kò bá fi hàn án. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fi ọwọ́ fa ìlà náà sórí àìmọye àwòrán, kí ẹ̀rọ máa wò ó, kó sì máa sín in jẹ. Ọkọ mi ni ẹni náà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sí yàrá yẹn, á máa fa ìlà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fá irun ìkókó. Bí mo bá ní kó wá jẹun, á ní, "Dúró ná, ìyàwó mi, ọkùnrin yìí ò tíì ní ààlà." Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Ìyá Ààlà. Òun gan-an ló ni orúkọ náà. Èmi kàn ń bá a jẹ́ ẹ ni.

Nígbà tí a gbé àbájáde ìwádìí wa jáde, àbúrò mi, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olùwádìí wa lásìkò yẹn, yọ orúkọ ọkọ mi kúrò. Ó ní ẹni tó kàn ń fa ìlà kì í ṣe olùwádìí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní tìtorí orúkọ lórí bébà da àárín ọmọ ìyá rú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì. Ó ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi.

Èkejì. Bírò aláìníyíǹkì tí ọkọ mi fi ń fa ìlà sójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú pátákó rẹ̀, di ti akẹ́kọ̀ọ́ mi ìkẹyìn, tí a ń pè ní Oníbéèrè. Ohun kan ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ kan tó ti ara àwọn ìlà yẹn jáde láìkọ orúkọ ẹni tó fà wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó yọ ọ́, kí ó bi onítọ̀hún bóyá ó lè fa ẹyọ kan péré.

Ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, àti gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ọ, di ti ilé-ìwòsàn ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fún ilé-ìwòsàn mìíràn tó bá nílò rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì tí àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àgbà wọn ti wá sílé mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso. Ó jókòó sórí àga ọkọ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àná." Mo ní kó gbé ẹsẹ̀, okùn iná ló ń tẹ̀. Èso náà rà níbi tó gbé e sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fi ohun tí kò dára tọrẹ. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló fa ìlà yí kókó inú ẹ̀dọ̀ mi ká. Dókítà kékeré tó fi àwòrán náà hàn mí ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Mo fi awò ojú mi sójú, mo wò ó dáadáa. Ìlà náà kò ṣe kọ́lọkọ̀lọ, kò fo ibì kankan. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ó sì gún. Lẹ́yìn náà ni mo tó rántí pé inú èmi ni.

Ẹ̀kẹrin. Ológbò mi, tó máa ń sùn lórí kọ̀ǹpútà nítorí ooru rẹ̀, di ti lọ́yà. Lọ́yà kò béèrè fún un. Ilé rẹ̀ ló tutù jù.

Ẹ̀karùn-ún. Èyí kan àbúrò mi ọkùnrin náà, tí ilé àti òde ń pè ní Amọ̀nà.

Ìyá wa ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé láti kékeré, bí a bá tutọ́ sílẹ̀ tí a rán an níṣẹ́, á ti dé kí itọ́ tó gbẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó yan iṣẹ́ tirẹ̀: kí ẹ̀rọ máa sọ fún ọkọ̀ ibi tí yóò gbà àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé. Ní ọ̀sán kan, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo àwòrán ẹ̀dọ̀ kan pẹ̀lú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí. Ṣé kì í ṣe títì nìyí?" Òótọ́ ló sọ. A wá àwòrán ìlú tí wọ́n yà láti ojú sánmà, a sì kọ́ ẹ̀rọ mi láti máa fa ìlà sí títì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fà á sí iṣan. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wá ń yan ọ̀nà lórí ìlà tí tèmi bá fà. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. A jọ jẹun nínú abọ́ kan lọ́jọ́ yẹn bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé.

Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì, wọ́n sì fi í jẹ ọ̀gá lórí ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀rọ kì í ní àánú, kì í sì í ṣìkà. Ohun tí a bá ní kó dín kù ni yóò dín kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àkókò tí aláìsàn ń lò lọ́nà ni wọ́n ní kó dín kù. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ní epo ti wọ́n, kí ọkọ̀ kan máa gbé aláìsàn méjì bí ilé wọn kò bá jìnnà síra. Àbúrò mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ náà padà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi nídìí tábìlì oúnjẹ. Mo bi í pé ẹni tí kò lè dúró ńkọ́? Ó ní irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ìyá wa ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà. Ó ṣubú ní ilé ìdáná, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò rẹ̀ ké sí áńbúláǹsì, ọkọ̀ sì tètè dé, wọ́n gbé e. Èmi wà ní yàrá àwòrán ní ilé-ìwòsàn. Mo ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ti ń fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní kí ọkọ̀ yà, ó sì yà. Ó lọ gbé ọkùnrin kan tó fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì dúró kí wọ́n bá a wá bàtà rẹ̀ kejì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà, ẹ̀rọ tèmi ló fa ìlà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ẹ̀jẹ̀ ti gba ìdajì ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀rọ fa ìlà yí ẹ̀jẹ̀ náà ká kíákíá, bí mo ṣe kọ́ ọ. Oníṣẹ́ abẹ wò ó, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ áńbúláǹsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun yà, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá kọ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu ti di ẹni tí wọ́n ń lé.

Ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo jókòó síwájú, kí àbúrò mi lè rí mi. Wọ́n bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ò ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n ní kó dín kù ló dín kù." Kò sọ ẹni tó pàṣẹ, kò sọ ẹni tó yí i. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Mo dìde, mo jáde, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò kúkú purọ́. Ká ní ó purọ́ ni, ǹ bá rí ohun tí mo máa dárí rẹ̀ jì í.

Nítorí náà, kò ní ìpín nínú ilé, ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ mi. Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún un ni àwòrán ọpọlọ ìyá wa. Lórí àwòrán náà, mo pa ìlà ẹ̀rọ rẹ́, mo fi bírò ọkọ mi fa ìlà náà fúnra mi. Ìlà náà wọ́ níbì kan, n kò sì tún un ṣe. Kí lọ́yà fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe.

Ẹ̀kẹfà. Ọmọ mi sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun, ìyẹn awakọ̀ náà, kò ríṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wá bá wa sìnkú. Kí ọmọ mi fún un ní yàrá méjèèjì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, kó máa gbé ibẹ̀ títí tó bá wù ú.

Ọmọ mi tún sọ fún mi pé Amọ̀nà lọ bá àwọn aláṣẹ, ó ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun bó bá wù wọ́n, ó sì fi yé wọn pé bí wọn kò bá dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun yóò sọ ohun gbogbo fún ayé. Wọ́n ti dá a padà. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù." Mo ń kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ó dára fún ìyá ẹlòmíràn.

Ìwọ ọmọ mi, máa kí i, máa bá a jẹun. Ìjà yìí kò sí nínú ogún rẹ.

Èkeje. Kí áńbúláǹsì tàbí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan má ṣe gbé òkú mi. Ọkọ̀ àtijọ́ ọkọ mi ni kí wọ́n fi gbé mi, Amọ̀nà ni kó sì wà á. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń júwe ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì í láti sọ fún un pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Bó bá fẹ́, kó gba ọ̀nà tó jìn jù lọ. Bó bá fẹ́, kó sunkún bó ṣe ń wà á, n kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yà gbé ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni kó gbé.

Mo fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú, lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ojú mi sì là kedere.

Ìyá Ààlà

Àwọn tó rí i nígbà tó ń buwọ́ lù ú, tí wọn kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀:
Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin
Ayàwòrán inú ara, yàrá ìsàlẹ̀ ilé-ìwòsàn